Igi Ìdábùú Karùn-ún

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹta oṣù kẹsàn-án

Ọ̀dà dé. Ìgò mẹ́ta péré. Anahera, tí a jọ ń ṣiṣẹ́ lórí ọ̀dà yìí, fi òwú wé ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn láti Auckland bí ẹni tó ń fi ẹyin ránṣẹ́. Aṣọ́bodè ní pápá ọkọ̀ òfuurufú gbé ọ̀kan sókè, ó ní kí nìyí. Mo ní ọ̀dà ọkọ̀ Papa Nooroa ni. Ó ní, "Ọmọ Papa Nooroa ni ẹ́? Máa lọ, máa lọ." N kò tíì yọ ìwé tí mo fẹ́ fi hàn án nínú àpò.

Ọ̀sán ni mo fi kùn ún. Igi ìdábùú márùn-ún ló so ikùn méjèèjì Te Kuriri, ọkọ̀ ìgbòkun Papa, pọ̀, okùn àgbọn la sì fi dì wọ́n, kò sí ìṣó kankan níbẹ̀. Ìdí okùn gan-an ni mo kùn, nítorí ibẹ̀ ni igi ti máa ń jìyà. Papa jókòó sórí àpótí, ó kọjú sí mi.

"Paeru, ṣé ọkọ̀ lò ń kùn ni àbí èékánná?"

"Èékánná ni, Papa. Ó fẹ́ jáde."

"Atiu ló fẹ́ lọ. Sọ fún un kó má pẹ́ nídìí dígí."

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹrin

Tọ́ọ̀ṣì aláwọ̀ àlùkò tí mo fi ń wo ọ̀dà yìí kì í ṣiṣẹ́ nínú oòrùn. Mo nílò òkùnkùn ní agogo méjì ọ̀sán, aṣọ tó sì nípọn jù nílé wa ni tivaevae Mama, èyí tó fi odindi ọdún méjì rán, òdòdó pupa lórí funfun. Mo gbé e láìtọrọ. Mo dà á bo ara mi àti igi kìíní. Inú ibẹ̀ ni mo wà tí mo gbọ́ ohùn Mama.

"Tepaeru! Aṣọ tí wọ́n máa fi wé mi sin!"

"Ẹ má bínú, Mama. Ẹ ò ṣáà ní lò ó lónìí."

Ó fi sálúbàtà gbá mi nídìí láti ìta. Ṣùgbọ́n mo ti rí ohun tí mò ń wá. Ọ̀dà náà tàn bí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tuntun lórí igi márààrún. Àwọ̀ rẹ̀ nìyẹn nígbà tí ara rẹ̀ bá balẹ̀. Bí igi abẹ́ rẹ̀ bá ń fà, á di yẹ́lò. Bó bá sán, á dà bí èèpo ọsàn tó pọ́n. Ọdún mẹ́rin ni mo fi wà nídìí ọ̀dà yìí, n kò tíì kùn ún sára ohun tí mo fẹ́ràn rí.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ karùn-ún

Mama Teinakore, olórí ìgbìmọ̀ ọkọ̀, gun alùpùpù rẹ̀ wá sílé, adé òdòdó lórí, ojú le koko.

"Bí o bá buwọ́ lu ìwé pé ọkọ̀ dára, a ó lọ sí Atiu. Bí o kò bá buwọ́ lù ú, a ò lọ. Má wo ojú bàbá ẹ. Èmi náà wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí igi ìdábùú kán lójú omi lọ́dún mẹ́sàn-án sẹ́yìn. Ọjọ́ méjì la fi ń gbọ́n omi, Paeru. Ọjọ́ méjì gbáko."

Ìpàdé tí n ó ti buwọ́ lù ú di ọjọ́ kẹsàn-án oṣù tó ń bọ̀. Bí oṣù yẹn bá fi lè tán, ìgbà ìjì dé, ó di ọdún mìíràn. Papa sì ti ń sọ fún gbogbo ayé pé kò sí ọdún mìíràn fún òun lórí omi. Mo bi í ìdí. Ó ní ara ò gbé e mọ́. Ọmọ ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin ni lóòótọ́, àmọ́ ó ṣì ń gun igi àgbọn nígbà tí mo dé láti ilé ẹ̀kọ́.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Mama Kaitoa, ló ń dúró dè é ní Atiu, erékùṣù tí wọ́n ti bí wọn. Ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rùn-ún, kò wọ ọkọ̀ òfuurufú rí, kò sì ní wọ̀ ọ́. Ó ní orí omi ni àbúrò òun gbà kúrò nílé, orí omi ni kó gbà wá kí òun, kí òun tó kú.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ keje

Papa dé láti ìdí ọkọ̀, ọwọ́ rẹ̀ ń dán, ó ń ta sánsán bíi ti gbogbo Àbámẹ́ta, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ wà níwájú orí rẹ̀. Ó fi gbá pákó ìjókòó atọ́kọ̀. Ó ní pákó náà ló sún. Mama lẹ nǹkan mọ́ ọn lórí, ó ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí tó fi sùn.

Àìkú, ọjọ́ kẹjọ

Papa ló ka Sáàmù ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ó gbàgbé dígí ojú rẹ̀ sílé, síbẹ̀ kò ṣi ọ̀rọ̀ kan. Inú mi dùn sí i.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kọkànlá

A gbé Te Kuriri jáde gba ẹnu àpáta omi. Atẹ́gùn rọra ń fẹ́, òkun tẹ́jú. Papa mú àjẹ̀ ìtọ́kọ̀ dání, Teokotai ọmọ àbúrò rẹ̀ wà nídìí ìgbòkun, àwọn méjèèjì ń bú ara wọn tayọ̀tayọ̀ lọ tayọ̀tayọ̀ bọ̀.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kejìlá

Wọ́n ti fà á gòkè sórí ilẹ̀. Mo yẹ̀ ẹ́ wò.

Igi kìíní, yẹ́lò. Ìkejì, yẹ́lò. Ìkẹta àti ìkẹrin náà, yẹ́lò yí gbogbo ìdí okùn ká. Karùn-ún nìkan, èyí tó wà lábẹ́ ìjókòó Papa, ló ṣì tutù bí ewé. Karùn-ún nìkan ló gbádùn. Mo tún wọn wò lẹ́ẹ̀mẹta lábẹ́ tivaevae ògbólógbòó tí Mama yọ̀ǹda fún mi, èyí tí ológbò bímọ sí. Bákan náà ni.

Ìrìn wákàtí méjì lórí omi tó tẹ́jú! Bí òkun Atiu bá wá gbé e ńkọ́?

Ẹtì, ọjọ́ kẹtàlá

Mo sọ fún Papa, nídìí ọkọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ilé.

"Igi mẹ́rin nínú márùn-ún, Papa."

Ó na ọwọ́, ó fi oríkèé ìka kan ìkẹta, kó, kó, kó, ó dẹtí sí i. "Gbọ́. Ṣé ohun tó sán ló ń dún báyìí?"

"Mi ò lè fi etí buwọ́ lù ú."

"Etí ta? Èmi ni mo gé igi yẹn. Èmi ni mo gbẹ́ ẹ. Ìgò mẹ́ta péré, ìwọ gbà wọ́n gbọ́ ju bàbá ẹ lọ!"

Inú bí mi. Mo ní, "Èyí tó kán lọ́jọ́sí ńkọ́? Ṣé ẹ ò kàn án kẹ́ ẹ tó wọ̀ ọ́ ni?"

Kò yẹ kí n sọ ọ́. Mo mọ̀ bó ṣe ń jáde lẹ́nu mi. Ó dìde, ó fi ọwọ́ wá ọ̀pá rẹ̀ lára ògiri títí ó fi bà á, ó sì lọ.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹtàdínlógún

Papa ò bá mi sọ̀rọ̀. Ajá ló ń rán sí mi. "Sọ fún ọ̀mọ̀wé pé oúnjẹ ti délẹ̀." Mama ní òun ò dá sí i, ṣùgbọ́n ẹja tí wọ́n fi omi ọsàn wẹ́wẹ́ àti wàrà àgbọn sè láìfi iná kàn án, oúnjẹ tí mo fẹ́ràn jù, ló ṣe lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ yìí.

Ẹtì, ogúnjọ́

Òjò láti òwúrọ̀. Búrẹ́dì ti gbówó lórí, ọkọ̀ ẹrù ò tíì dé. Anahera pè mí láti Auckland.

"Igi mẹ́rin kì í ṣàìsàn lọ́jọ́ kan ṣoṣo, Paeru. Nǹkan mìíràn ló kan ọ̀dà yẹn. Kí lẹ fi pa á?"

"A ò fi nǹkan kan pa á."

"Ó dá ẹ lójú?"

"Anahera, ọkọ̀ ilé wa ni. Mo mọ gbogbo ohun tó ń kàn án."

Gbogbo ẹnu ni mo fi sọ ọ́.

Ajé, ọjọ́ kẹtàlélógún

Ó yà mí lẹ́nu. Ọkọ̀ ò tíì kan omi láti ọjọ́ kejìlá, síbẹ̀ yẹ́lò igi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti fẹ̀ sí i. Igi wo ló ń fà níbi tó jókòó sí jẹ́ẹ́? Karùn-ún ò yí padà.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n

Ẹ gbà mí o.

Mo jókòó sílẹ̀ nítòsí ọkọ̀ lówùúrọ̀, mò ń wo ìwé mi. Papa kọjá níwájú mi láìkí mi, ìgò òróró àgbọn lábẹ́ apá rẹ̀, òdòdó tiare ń léfòó nínú rẹ̀. Ó ń lọ fi pa ìdí okùn, bó ṣe ń ṣe ní gbogbo Àbámẹ́ta láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú, nítorí ọkọ̀ kì í fi ara gbígbẹ wọ ọjọ́ Olúwa nílé wa. Èmi gan-an ni mo máa ń bá a gbé ìgò yẹn nígbà tí n kò tíì ga tó orúnkún rẹ̀.

Mo dìde. Mo jókòó. Mo tún dìde.

Mo ti kùn pátákó kékeré kan tẹ́lẹ̀. Mo gbé e lọ sí ilé ìdáná, mo ta òróró àgbọn Mama sí i, mo gbé e wọ abẹ́ aṣọ. Kò pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó fi di yẹ́lò. Òróró ti wọ inú ọ̀dà, ó ti tú u nínú, ọ̀dà sì rò pé igi ló ń fa òun.

Anahera bi mí ohun tí a fi pa á. Kò wá sí mi lọ́kàn rárá. Ta ló máa ń ka omi ìwẹ̀ mọ́ ohun tó fi para?

Mo lọ jókòó sílẹ̀ lẹ́sẹ̀ Papa. Ajá wà níbẹ̀. Mo ní, "Bá mi sọ fún Papa pé ọkọ̀ rẹ̀ ò ní nǹkan kan lára. Òróró rẹ̀ ni mò ń wò látọjọ́ yìí. Bá mi sọ fún un pé kó má bínú nítorí ọ̀rọ̀ tí mo sọ."

Èjìká rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀.

"Ọdún mẹ́rin! Ọdún mẹ́rin ní Auckland, òróró àgbọn lo wá rí!"

Ó ti pariwo rẹ̀ fún gbogbo àdúgbò kí ilẹ̀ tó ṣú. Kó máa pariwo. Inú mi dùn jù.

Ajé, ọgbọ̀njọ́

Èmi àti Teokotai fi ọtí tí wọ́n fi ń nu ojú egbò nílé ìwòsàn fọ gbogbo òróró kúrò, mo sì tún igi márààrún kùn. Papa ti ṣèlérí pé òun ò ní fi òróró kàn án títí a ó fi gbé e jáde. Ó dùn ún bí ẹni tí wọ́n ní kó má gbàdúrà.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kejì oṣù kẹwàá

Atẹ́gùn gúúsù le gan-an lónìí. Ìgbì ń gun orí ọkọ̀, Te Kuriri ń ké ṣùgbọ́n ó ń lọ. Papa ń kọrin. Mo bì lẹ́ẹ̀mejì, ọmọ atukọ̀ bíi tèmi. A padà láyọ̀.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹta

Kìíní, ewé. Ìkejì, ewé. Ìkẹta, ìkẹrin, ewé, ewé. Mo ń kọrin lábẹ́ aṣọ.

Karùn-ún: ìlà kan, tẹ́ẹ́rẹ́, àwọ̀ èèpo ọsàn, ó tó ìka mẹ́rin ní gígùn. Òróró máa ń tàn kálẹ̀ bí ọbẹ̀ lára aṣọ. Èyí tọ́ bí ohun tí wọ́n fi rúlà fà.

Mo fi ọtí náà fọ ojú rẹ̀. Kò kúrò.

Ẹtì, ọjọ́ kẹrin

N kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo ṣí ìwé yìí sẹ́yìn, mo rí ohun tí mo kọ ní ọjọ́ kejìlá. *Karùn-ún nìkan ló gbádùn.* Kò gbádùn. Òróró ò dé ibẹ̀ ni. Igi tí Papa máa ń fi òróró pa ṣáájú gbogbo yòókù, nítorí abẹ́ ìdí rẹ̀ gan-an ló wà! Mo rá wọ abẹ́ ìjókòó, mo fọwọ́ kan okùn ibẹ̀. Ó gbẹ táútáú, ó ń já sí mi lọ́wọ́ wẹ́wẹ́. Ó ti pẹ́ tí ìdì rẹ̀ ti dẹ̀, tí igi ń já ara rẹ̀ gbà nínú rẹ̀.

Ibẹ̀ jìn, ó ṣókùnkùn, èèyàn gbọ́dọ̀ kúnlẹ̀ kó tó rí i.

Mo tún ka ìwé náà. Orí tó gbá pákó. Sáàmù tí kò nílò dígí. Ọ̀pá tó ń fọwọ́ wá lára ògiri, ọ̀pá tó wà níwájú rẹ̀ kedere. Gbogbo rẹ̀ ni mo fi ọwọ́ ara mi kọ, tí mo ń fi ṣe àwàdà. Èmi tí mo gbọ́n débi pé mo lè sọ ohun tó ń dun igi, n kò mọ ohun tó ń ṣe bàbá mi. Mo sunkún títí Mama fi kan ilẹ̀kùn.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ karùn-ún

Mo mú Papa lọ sídìí ọkọ̀ lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀. Mo ní kó bá mi wọ abẹ́ aṣọ. Ó ní kí la fẹ́ ṣe níbẹ̀, ṣé ológbò lòun ni, àmọ́ ó wọlé. A kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wa. Mo tan tọ́ọ̀ṣì.

"Kí lẹ rí, Papa?"

"Ó ń tàn dáadáa."

"Níbo?"

Ó na ọwọ́. Ọwọ́ rẹ̀ lọ síbi tí kò sí nǹkan kan. Mo dì í mú, mo gbé ìka rẹ̀ lé ìlà náà. Ó fi ìka tọ̀ ọ́ láti òpin dé òpin. Mo ń gbọ́ èémí rẹ̀.

"Àwọ̀ wo ni, Paeru?"

"Ọsàn, Papa."

"Hùn."

Ìka rẹ̀ ò kúrò lórí ìlà náà. "Ìtọ̀ ṣúgà yìí ni. Àárín ojú mi ti lọ láti Kérésì. Ẹ̀gbẹ́ ẹ̀gbẹ́ ni mo fi ń rí yín. Mo gbá orí mọ́ ibí yìí lẹ́ẹ̀mejì, mo ní ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ kí n tó fi òróró dé ibẹ̀. Ní gbogbo ọ̀sẹ̀ ni mo ń sọ bẹ́ẹ̀."

"Ṣé Mama mọ̀?"

"Mama ẹ mọ̀ pé mò ń da tíì sórí tábìlì. Ó rò pé ọ̀bùn ni mí."

Mo rẹ́rìn-ín, mo ń sunkún lọ́wọ́ kan náà. Mo ní, "Papa, mi ò lè buwọ́ lù ú. Ẹ jọ̀ọ́, mi ò lè ṣe é."

"Ta ló bẹ̀ ẹ́ pé kí o buwọ́ lù ú? Èèyàn mẹ́rìnlá ló fẹ́ wọ ọkọ̀ yìí." Ó nu ojú rẹ̀ pẹ̀lú etí tivaevae. "Ṣùgbọ́n má sọ fún wọn. Èmi ni n ó sọ."

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹsàn-án

Ìpàdé. Ìwé wà níwájú mi, bírò wà níwájú mi. Kí Mama Teinakore tó pe orúkọ mi ni Papa ti dìde.

"Igi karùn-ún ti sán. Ẹ má bi Paeru, ẹ bi mí. Okùn gbẹ lábẹ́ ìjókòó mi nítorí pé mi ò ríran dé ibẹ̀ mọ́. Mi ò sì sọ fún yín, nítorí mo mọ ohun tí ẹ máa sọ."

Mama fi ọwọ́ bo ẹnu. Mama Teinakore dìde, mo rò pé ó fẹ́ bú u. Ó bọ́ adé òdòdó orí rẹ̀, ó fi lé Papa lórí, ó tún un ṣe kó jókòó dáadáa, ó sì padà sáàyè rẹ̀, ó ní:

"Igi tamanu kan wà ní àgbàlá mi tó ti gbẹ láti ọdún mẹ́fà. Mo fẹ́ fi ṣe ilẹ̀kùn. Ilẹ̀kùn lè dúró. Ta ló máa tọ́kọ̀?"

"Teokotai," ni Papa sọ. "Èmi á jókòó tì í, n ó máa bú u."

"Ẹ ti ń ṣe ìyẹn tẹ́lẹ̀," ni Teokotai dáhùn.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàdínlógún

Ọjọ́ mẹ́jọ. Wọ́n gbẹ́ igi tuntun, wọ́n dì í. Papa kò gbẹ́ ẹ, ṣùgbọ́n òun ló ń fi ìka wọn ìdì okùn wò lọ́kọ̀ọ̀kan, tí kò bá ti tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó di kí wọ́n tú u palẹ̀. Wọ́n tú u lẹ́ẹ̀mẹfà. Ìsàlẹ̀ ìgò kẹta ni mo fi kùn ún.

Ẹtì, ọjọ́ kejìdínlógún

Òkun líle, wákàtí mẹ́rin. Ewé, ewé, ewé, ewé, ewé. Mo buwọ́ lù ú.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kejìlélógún

Atiu! Ọ̀sán ọjọ́ kejì la dé. Teokotai mú àjẹ̀ dání, Papa bọ́ bàtà, ó gbé àtẹ́lẹsẹ̀ méjèèjì lé pákó, ó ń fi ẹsẹ̀ gbọ́ ìgbì. "Ọ̀tún. Ọ̀tún, mo ní, ìwọ orí àgbọn!" Kò sì ṣi í lẹ́ẹ̀kan.

Mama Kaitoa dúró sétí omi lórí ọ̀pá méjì. Ó fi ọwọ́ di ojú àbúrò rẹ̀ mú.

"O ti darúgbó."

"Ẹ̀yin ò yí padà rárá."

"Irọ́ lò ń pa. Wọ́n ní o ò ríran."

"Ìdí nìyẹn tí ẹ ò fi yí padà."

Ó gbá a létí fẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n sì dì mọ́ ara wọn níwájú gbogbo ènìyàn. A ò mọ ibi tí a ó wò.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n

Mama Kaitoa fún Papa ní òróró tí ó fọwọ́ ara rẹ̀ yọ. Mo bá a gbé ìgò. Ó kọjá igi kìíní, kò dúró. Ó lọ tààrà sábẹ́ ìjókòó, ó kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ kan bo iwájú orí rẹ̀ nítorí pákó. Mo fẹ́ ní kó jẹ́ kí n bá a ṣe é. Ìgò ni mo dì mú fún un. Ó pẹ́ níbẹ̀, ó ń fi ìka wá ojú okùn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń fi òróró kún un.

Nígbà tó ṣe tán, kò jáde. Ó ní kí n gbé aṣọ wá, kí n tan tọ́ọ̀ṣì mi.

Mo wọlé tì í. A dúró kí òróró wọlé.

"Àwọ̀ wo ni, Paeru?"

"Yẹ́lò, Papa."

"Gbogbo rẹ̀?"

Mo yí tọ́ọ̀ṣì ká, mo wò ó dáadáa kí n tó dáhùn.

"Gbogbo rẹ̀. Kò sí ibi tí ọwọ́ yín ò dé."